Háàdì Dísìkì Bàbá Wa Ò Tíì Kú, Iná Ni Ò Tó O

Kò sí ilé tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré lórílẹ̀-èdè yìí tí wọn ò mọ òfin kan. Jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour" lè tan gílóòbù, ó lè yí fáànù, ó lè gbé tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi áyọ́ọ̀nù sí i fẹ́ kí gbogbo ilé wà nínú òkùnkùn ni. A ò kà á nínú ìwé kankan. Ọmọ ọdún méje gan-an á pariwo pé, "Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù sí i o!" A mọ̀ pé iná tó wà nílẹ̀ ní ìwọ̀n, ohun tó fẹ́ jẹ iná náà ní ìwọ̀n, àti pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé bí a bá ti dé ìdí kọ̀ǹpútà, a máa ń gbàgbé òfin yìí pátápátá. Àwọn ihò pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láàpútọ́ọ̀pù, tí a ń pè ní ihò USB, la máa ń ṣe bí ẹni pé wọn ò lópin. A ó ki máòsì bọ ọ̀kan, a ó so fóònù mọ́ èkejì kó máa gbaná, a ó wá lọ ra nǹkan olórí mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní hub, a ó so fáànù orí tábìlì, iná ìkàwé àti módẹ́ẹ̀mù mọ́ ọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, a ó ní ó ti bàjẹ́. Bí ọmọdé bá sì wà nítòsí, a ó ní òun ló bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò.

Lọ́kọ́ja ni mo ń gbé. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti fọ́tòkọ́pì ni mo ń ṣe, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlógún. Bàbá tó bí wa ṣiṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n gbé Ọ̀fà, wọ́n gbé Minna, wọ́n gbé Zaria, wọ́n gbé Kafanchan kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n pé ẹni ọgọ́rin ọdún, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ìlọrin ní kí a gba ohùn wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ló ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, Bàbá sì ń dáhùn. Wákàtí mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀: orúkọ àwọn baba ńlá wa, oríkì ìdílé, bí Bàbá ṣe kọ́kọ́ rí ìyá wa níbi tó ti ń ta ẹ̀kọ ní ìdí rélùwéè Ọ̀fà, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó jẹ́ Haúsá àti Íbò tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Fóònù tí wọ́n fi gba ohùn náà, olè ti jí i lọ́jà. Inú háàdì dísìkì kékeré kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ́ kù sí, irú èyí tí kò ní ṣájà tirẹ̀, tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ló ti ń jẹun. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló wà.

Nígbà tí Bàbá papò dà, tí ìrántí ọdún kan wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ yọ díẹ̀ nínú ohùn náà tí a ó gbé sáfẹ́fẹ́ fún àwọn àlejò. Wọ́n so dísìkì náà mọ́ láàpútọ́ọ̀pù. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó ń dún "tá, tá, tá", ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tó jáde lójú kọ̀ǹpútà àfi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan ní igun ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, wọ́n tún un kì bọ̀ ọ́. Ibi tó wà náà ló wà. Ni wọ́n bá gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Onítọ̀hún dán an wò, ó mi orí, ó ní ó ti kú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè rí ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún náírà, òun á bá wọn wá bí wọ́n ṣe lè hú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Kò sì fi dá wọn lójú pé yóò ṣeé ṣe.

Àbúrò mi obìnrin ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nítorí iléèwé. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni wọ́n ti rí i tó ń fi dísìkì náà wo fíìmù. Ọ̀rọ̀ di tirẹ̀. Wọn ò nà án, ṣùgbọ́n wọn ò bá a sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni àbúrò mi pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún. "Àǹtí mi, ẹ gbà mí. Wọ́n ní ọmọ mi ló ba ohùn Bàbá jẹ́. Mo ti ní kó di ẹrù rẹ̀." Mo ní kó dúró ná, kí ọmọ náà má lọ síbì kankan títí n óò fi dé Ìlọrin.

Mo bi í bóyá ó rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní igun yẹn. Ó ní ọmọ náà rí i. Ọmọ náà ní ohun tí ó kà níbẹ̀ ni pé nǹkan tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ ń fẹ́ iná ju èyí tí ihò náà lè fún un lọ. Kò sẹ́ni tó bi í tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ki nǹkan bọ ihò yẹn, torí kò le rárá, ó sì lè gba owó lọ́wọ́ òfò.

Ọdún 1996 ni USB àkọ́kọ́ jáde. Kó tó dìgbà náà, ihò pírìntà yàtọ̀, ti kíbọ́ọ̀dù yàtọ̀, ti máòsì náà yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ méje, tí Intel, Microsoft àti IBM wà lára wọn, ló pawọ́ pọ̀ ṣe ihò kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, tí iná náà sì ń gbà kọjá. Iná tó ń gba ibẹ̀ kéré, volt 5 ni. Bí iná náà ṣe ń pọ̀ tó nígbà tó bá ń ṣàn ni wọ́n ń fi milliampere wọ̀n, ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló sì ń jẹ́ ampere kan.

Bí a bá ki nǹkan bọ̀ ọ́, àlejò ni nǹkan náà jẹ́ ná. Lábẹ́ òfin USB 2.0, àlejò ò gbọ́dọ̀ jẹ ju milliampere 100 lọ. Ìyẹn kàn tó o láti lanu sọ̀rọ̀ ni. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ Windows, macOS tàbí Linux, á wá bi í léèrè: Ta ni ọ́? Iṣẹ́ wo lo ń ṣe? Iná tí o máa jẹ, ó tó mélòó? Ìdáhùn náà ti wà lákọsílẹ̀ nínú nǹkan náà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Méjì-méjì ni wọ́n ń ka iye náà nínú àkọsílẹ̀ USB 2.0: bí ó bá kọ 50, milliampere 100 ló ń béèrè; bí ó bá kọ 250, 500 ló ń béèrè, òun náà sì ni òpin. Nígbà tí USB 3.0 jáde ní ọdún 2008, wọ́n gbé òpin yẹn dé 900, wọ́n sì sọ ti àlejò di 150.

Kọ̀ǹpútà á wá ṣírò. Bí ihò tí nǹkan náà wà bá lè gbé ohun tó béèrè, á fún un láṣẹ, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá lè gbé e, kò ní fún un láṣẹ. Linux á kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé òun kọ̀ ọ́ nítorí iná ò tó. Windows á sọ ọ́ ní igun ojú kọ̀ǹpútà. Nǹkan náà á wà níbẹ̀, ara rẹ̀ á le koko, ṣùgbọ́n kò ní níṣẹ́ ṣe.

Ẹ wá wo ọ̀ràn hub. Hub tí kò ní wáyà iná tirẹ̀ kò mú iná kankan wá láti ilé. Milliampere 500 tó bá gbà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ló máa pín. Òun fúnra rẹ̀ á mú 100, á sì fún orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 100, 100. Máòsì á yó. Kíbọ́ọ̀dù á yó. Ṣùgbọ́n háàdì dísìkì tó ní irin tó ń yí nínú, tó béèrè 500, kí ni 100 máa ṣe fún un? Ìgbà tí irin yẹn bá ń gbéra láti ìdúró gan-an ni ebi iná máa ń pa á jù. Bí iná ò bá tó láti gbé e, á gbìyànjú, á kọ̀, á tún gbìyànjú. Ó lè jẹ́ ohun tí a ń gbọ́ tó ń dún "tá, tá, tá" nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ ká mọ̀. Kọ̀ǹpútà kì í fi òṣùwọ̀n wọn ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ohun tí nǹkan náà bá sọ nípa ara rẹ̀ ló ń fi ṣírò. Fáànù orí tábìlì àti iná ìkàwé olówó pọ́ọ́kú ò tiẹ̀ kì í sọ nǹkan kan. Wọn ò ní ọpọlọ tí wọ́n á fi dáhùn, wọ́n kàn ń jẹ ni. Àwọn hub kan tún wà tí wọ́n máa ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé àwọn ní iná tiwọn, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní. Nítorí irú wọn ni àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fi fi ẹ̀ṣọ́ kejì sídìí ihò náà. Bí iná tó ń jáde bá ti pọ̀ jù, ẹ̀ṣọ́ yìí á gé e, á sì ta ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà lólobó. Ìgbà náà ni Windows máa kọ "Power surge on the USB port". Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí i, wọ́n á sáré yọ wáyà lára ògiri, wọ́n á ní àwọn oníná ló gbé iná ńlá wá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a so mọ́ ihò náà ló ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Kọ̀ǹpútà Apple máa ń sọ ọ́ tààrà: yọ èyí tó ń jẹ iná jù, kí àwọn yòókù lè ríṣẹ́ ṣe.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo dé Ìlọrin. Mo wo orí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi. Hub olórí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò ní iná tirẹ̀. Fáànù wà lórí kìíní, iná ìkàwé wà lórí èkejì, módẹ́ẹ̀mù wà lórí ẹ̀kẹta, dísìkì Bàbá wà lórí ẹ̀kẹrin. Wáyà tí wọ́n fi so dísìkì náà, wáyà fóònù ni, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Dísìkì náà jẹ́ ti USB 3.0, wáyà tirẹ̀ gan-an máa ń ní ẹnu fífẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà fóònù lè wọ ihò rẹ̀. Bí a bá fi wáyà fóònù sí i, á padà di USB 2.0, òpin ohun tó lè béèrè á sì lọ sílẹ̀ láti 900 sí 500. Wáyà tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ tún máa ń jẹ díẹ̀ nínú iná náà lójú ọ̀nà. Wáyà kan náà ni wọ́n gbé lọ fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, òun náà sì ni onítọ̀hún fi dán an wò. Ó ṣeé ṣe kó gbà lóòótọ́ pé dísìkì náà ti kú.

Mo yọ gbogbo nǹkan kúrò. Mo mú wáyà kúkúrú ẹlẹ́nu fífẹ̀ kan jáde nínú báàgì mi, irú èyí tí mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, mo so dísìkì náà tààrà mọ́ ihò USB 3.0 ara láàpútọ́ọ̀pù. Iná rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. A gbọ́ tí ó ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Orúkọ dísìkì náà sì jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣí i kíá. Mo ní ó tì o, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú dísìkì tuntun tí mo rà dání. A jókòó títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí èyí àkọ́kọ́. Bàbá wúkọ́, wọ́n wá pe orúkọ ọmọkùnrin àbúrò mi, wọ́n ní, "Ṣé o ti tan nǹkan yẹn? Ṣé ó ń gbọ́ mi?" Ohùn ọmọ náà dáhùn, ó ṣì kéré nígbà náà: "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ máa sọ̀rọ̀." Òun ló di fóònù mú fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pe ọmọ náà kó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn ò sọ pé àwọn ṣì í mú. Àwọn àgbà ilé wa kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n mú ẹran ńlá inú ọbẹ̀ wọn, wọ́n gbé e sínú abọ́ rẹ̀. Ọmọ náà tú ẹrù rẹ̀ padà sí yàrá.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn oníbàárà mi, mo sì rí i pé àwọn nǹkan mẹ́ta mìíràn tún máa ń dà wọ́n láàmú.

Èkíní ni oorun. Bí nǹkan tí a so mọ́ USB bá wà láìṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà lè ní kó lọ sùn kí iná má bàa ṣòfò, pàápàá bí láàpútọ́ọ̀pù bá ń lo bátìrì. Lójú oorun, kò gbọ́dọ̀ jẹ ju milliampere 2.5 lọ. Àwọn kan máa ń sùn tí wọn kì í tètè jí. Bí módẹ́ẹ̀mù tàbí máòsì yín bá ń pòórá lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀, ó lè jẹ́ pé oorun ni. Nínú Windows, ẹ lè ṣí Device Manager, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ pé kọ̀ǹpútà láṣẹ láti pa nǹkan náà kí iná má bàa ṣòfò, kí ẹ yọ àmì tó wà níbẹ̀ kúrò.

Èkejì ni fóònù. Àwọn ènìyàn máa ń so fíláàṣì tàbí dísìkì mọ́ fóònù wọn. Fíláàṣì sábà máa ń ṣiṣẹ́, nítorí kò ní irin tó ń yí nínú. Dísìkì lè kọ̀. iPhone á tiẹ̀ sọ ọ́ jáde pé nǹkan yìí ń fẹ́ iná jù. Fóònù ò bàjẹ́, dísìkì ò bàjẹ́. Hub tó ní wáyà iná tirẹ̀ ni wọ́n nílò láàárín wọn, kí iná ògiri bọ́ dísìkì, kí fóònù kàn máa bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ihò tuntun olórí roboto tí wọ́n ń pè ní USB-C. Ti òun lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Láti ọdún 2021, òfin rẹ̀ ti gbà á láyè láti gbé iná tó watt 240 bí ṣájà, wáyà àti kọ̀ǹpútà bá jọ gbà. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà, "bí wọ́n bá jọ gbà". Ṣájà àti láàpútọ́ọ̀pù á kọ́kọ́ dúnàádúrà: èyí ni mo ní, èyí ni mo fẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ṣájà fóònù sí láàpútọ́ọ̀pù, tí Windows sì kọ ọ́ pé ó ń gbaná díẹ̀díẹ̀, kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Ṣájà náà ti sọ bí agbára òun ṣe mọ ni.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo dísìkì tó ń dún "tá, tá" ni ebi iná ń pa. Àwọn kan ti bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ yọ gbogbo nǹkan yòókù, ẹ fi wáyà kúkúrú tó jẹ́ tirẹ̀ so ó tààrà mọ́ ara kọ̀ǹpútà, kì í ṣe mọ́ hub. Bí ó bá ṣì ń dún bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà méjì, ẹ yọ ọ́, ẹ má ṣe dán an wò mọ́, torí bí ẹ bá ń tún un tàn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ lè fi ba èyí tó ṣẹ́ kù jẹ́. Ìgbà yẹn ló tó gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí kọ̀ǹpútà bá sì kọ ọ̀rọ̀ kan síwájú yín, ẹ kà á kí ẹ tó pa á rẹ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá le, ẹ fi fóònù ya á, kí ẹ fi han ọmọ tó wà nílé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ máa ń sọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Ní ilé ẹ̀gbọ́n mi, kọ̀ǹpútà sọ pé iná òun ò tó, a ní ọmọ ló ba nǹkan jẹ́.

Bí ẹ̀yin náà bá ní ohùn tàbí àwòrán òbí yín nínú irú dísìkì bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ ìrántí kí ẹ tó yọ ọ́ wò. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì lọ́sẹ̀ yìí, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹ gbé ìkejì fún àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ní ìlú mìíràn. Kí ẹ sì so wáyà tirẹ̀ mọ́ ọn lára pẹ̀lú rọ́bà.